Ọwọ́ Òsì Nínú Omi Tútù

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbàdúrà ní Festac kí n tó lọ, mo ti dé. Ìka mi pé, imú mi ṣì wà lójú mi, etí mi méjèèjì sì ń gbọ́ràn. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí mo gbọ́ pé ohun tí ẹ ń bi màmá mi nígbàkígbà tó bá lọ sọ́jà Agboju nìyẹn: "Ṣé òtútù ò tíì gé ọmọ yẹn nímú?" Kò gé e o. Ṣùgbọ́n ó wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìbẹ̀rù tó wà lára mi nígbà tí mò ń lọ, torí mo ti rí i pé àwọn tó ń ti òkè òkun dé kì í sọ ọ́. Mi ò bẹ̀rù pé ọkọ̀ òfuurufú yóò já. Mi ò bẹ̀rù omi pàápàá. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni mo kà ní yunifásítì, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mí lábẹ́ omi. Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ni Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọ abẹ́ omi lọ yẹ òpó èbúté wò níbi tí àwọn ọkọ̀ elépo ń gúnlẹ̀ sí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé màá dé ọ̀hún, wọn yóò wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọn yóò sì bi ara wọn pé, "Ta ló ní kí eléyìí wá?" Irú ìbẹ̀rù yẹn máa ń mú mi kódà tí mo bá fẹ́ wọ báńkì.

Ìlú kékeré kan létí òkun, ní àríwá orílẹ̀-èdè Norway, ni mo lọ. Wọ́n gbà mí sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ òkun lọ wo bí ẹja ṣe ń gbé láàárín koríko omi. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ tutù bí omi inú fìríìjì. Aṣọ rọ́bà tí Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ń wọ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òtútù níbẹ̀. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ rárá ni wọ́n ń lò, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀ kò ní bá wọn wọ òkun. Bí mo bá yege, màá rí ẹja. Bí mi ò bá yege, ìdí tábìlì ni wọn yóò fi mí sí, màá máa wo ẹja nínú fọ́tò tí àwọn ẹlòmíràn yà. Ìyẹn náà, mo lè jókòó sí Festac kí n máa ṣe é.

Òórùn tí mo mọ̀

Mo rò pé òtútù ni yóò kọ́kọ́ kí mi nígbà tí mo bá bọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Òórùn pánlá ló kọ́kọ́ kí mi.

Mo dúró pẹ̀lú ẹrù mi, mo ń yí imú kiri bí ológbò. Lẹ́yìn ilé kan ni mo ti rí wọn: igi tí wọ́n kàn bí òrùlé tí kò ní páànù, ẹja sì so mọ́ ọn ní méjì-méjì, kò lóǹkà, afẹ́fẹ́ ń mì wọ́n. Pánlá gbígbẹ gan-an ni, èyí tí àwọn Ìgbò tó wà ní àdúgbò wa ń pè ní òkpòròkó. Gbogbo ìgbà tí màmá mi ń rán mi lọ rà á, mi ò bi ara mi rí pé ta ló ń sá a. Ojú mi ṣe omi díẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo sunkún, ó kàn jẹ́ pé mo rò pé mo ti rìn jìnnà sílé, àṣé ọ̀kan nínú ohun tó ń wọ ìkòkò wa ló ti ń dúró dè mí.

Àwọn tí kì í kí ènìyàn

Àwọn ará ibẹ̀ kì í kí ènìyàn lójú pópó. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, mo kí bàbá kan, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo kí ìyá kan, ó béèrè bóyá mo sọnù. Nínú bọ́ọ̀sì, kálukú jókòó sórí àga tirẹ̀. Bí àga méjì bá ṣófo, kò sẹ́ni tó máa wá jókòó tì ẹ́. Mo lo ọjọ́ púpọ̀ tí mò ń ronú pé bóyá ara mi ń rùn. Henrik, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ló là mí lóye.

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ẹ ni," ó ní. "Wọn ò fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu."

Ìyẹn ni pé ọ̀wọ̀ tí mò ń wá, mo ti ń rí i gbà láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò kàn dá a mọ̀ ni.

Astrid ni olùkọ́ wa lábẹ́ omi. Irun rẹ̀ funfun gbòò, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń fa okùn ọkọ̀, ó sì dàgbà ju bàbá mi lọ. Ìta ilé tí wọ́n ń kó aṣọ omi sí ni a ti pàdé. Mo kúnlẹ̀ kí i nínú yìnyín. Kí n tó dìde, ó ti dì mí mú lábẹ́ apá, ó gbé mi nílẹ̀ fùú, ó ń pariwo pé kí wọ́n mú ìjókòó wá, torí ó rò pé ẹsẹ̀ mi ló yọ̀.

"Rárá o, Mà," mo ní. "Mò ń kí yín ni."

"Ṣé o fara pa?"

"Mi ò fara pa, Mà. Ìkíni ni."

Ó wo orúnkún mi tó ti rin. "Ìkíni náà le o," ó ní. "Má pè mí ní mà. Astrid ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá Astrid."

Ó mí kanlẹ̀. Henrik bojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, Màmá Astrid náà ni mò ń pè é, nígbà tó sì yá, ó ń dáhùn.

Oúnjẹ ńkọ́? Búrẹ́dì ni lọ́sàn-án, lójoojúmọ́, pẹ̀lú wàrà líle kan tó pupa rúsúrúsú tó sì dùn bíi tọ́fì. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fi mí ṣeré ni. Nígbà tó yá, mò ń gé e jẹ ní kọ̀rọ̀. Bí o bá jẹun tán nílé ẹni kan, o gbọ́dọ̀ dúpẹ́ oúnjẹ kí o tó dìde. Ìyẹn nìkan ni ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ.

Aṣọ tó ń wú

Aṣọ náà dà bí àpò ńlá tó ní ọwọ́, ẹsẹ̀ àti bàtà. Rọ́bà fún mọ́ ẹ lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́, omi ò ríbi gbà wọlé. Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni wàá wọ̀ sínú, afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín ló ń jẹ́ kí ara rẹ móoru. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Màmá Astrid ṣàlàyé rẹ̀ fún wa létí odò ìwẹ̀ tí a ti kọ́kọ́ dánra wò. Bí o bá ń lọ sísàlẹ̀, omi á tẹ afẹ́fẹ́ inú aṣọ, á súnkì, aṣọ á wá máa fún ẹ bí àǹtí tó di ẹ́ mọ́ra tí kò fẹ́ tú ẹ sílẹ̀. Bọ́tìnì kan wà láyà. Wàá tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ láti inú sílíńdà wọlé, díẹ̀ péré, kí aṣọ lè dẹ̀. Bí o bá wá ń gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á máa wú padà. O gbọ́dọ̀ máa tú u jáde kí ó tó gbé ẹ. Fáàfù tó ń tú u wà lápá òsì, lókè, nítòsí èjìká. Wàá gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì sókè títí fáàfù yẹn á fi jẹ́ ibi tó ga jù lọ lára rẹ, afẹ́fẹ́ á sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bí o ò bá tú u ńkọ́?" Henrik béèrè.

"Á gbé ẹ lọ sókè bí kọ́ọ̀kì. Bí o ṣe ń ga sí i ló ń wú sí i, bó ṣe ń wú sí i ni wàá máa yára sí i. Ẹni tó bá sáré gòkè bẹ́ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Nítorí náà, ẹ má dá èémí dúró láé. Ẹ máa mí."

Bẹ́líìtì tí wọ́n to òjé sí ló ń mú kí ènìyàn lè rì. Èmi, pẹ̀lú ìbẹ̀rù mi, mo fẹ́ fi òjé kún tèmi kí n má baà léfòó. Ó yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ẹni tó ń bẹ̀rù ló máa ń fẹ́ òjé púpọ̀," ó ní. "Òjé púpọ̀ á fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ á máa wá ibi tó máa sá lọ, ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn jù. Bó bá ti dé ẹsẹ̀, wàá dorí kodò, fáàfù rẹ á wà nísàlẹ̀, kò ní wúlò fún ẹ. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ká orúnkún mọ́ àyà, yí po, gbé orí sókè, kí o wá tú afẹ́fẹ́ náà."

Èmi àti Henrik dánra wò. A káwọ́, a kásẹ̀, a yí po bí ọ̀kadà tó ṣubú sí kòtò. Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n. Màá gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì, afẹ́fẹ́ á máa jáde lókè apá mi, màá dúró sójú kan nínú omi láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé adùn rẹ̀ fún yín. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, kí gbogbo ara wá dúró! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ imú mi.

Bàlúùnù

Ọjọ́ tí a wọ òkun gan-an, Màmá Astrid fúnra rẹ̀ ló bá mi wọ̀ ọ́. Sísọ̀kalẹ̀ wa lọ dáadáa. Koríko omi ga bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹja kan tó jọ pánlá wá wò mí lójú, bóyá ó gbọ́ òórùn ohun tí mo ti jẹ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni Màmá Astrid kọjú sí mi, ó na àtàǹpàkò sókè: ó yá, ká máa gòkè.

Ọwọ́ mi gbéra. Ọwọ́ ọ̀tún.

Ó lọ tààrà sí èjìká ọ̀tún, ibi tí okùn tó ń tú afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tí a wọ̀ lé aṣọ náà wà, ó fà á. Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì ti ṣófo. Inú aṣọ ni afẹ́fẹ́ wà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń wo ojú Màmá Astrid nínú gíláàsì rẹ̀, mo ń sọ fún ọwọ́ òsì mi pé kó dìde, kò dìde. Ó lẹ̀ mọ́ mi ní ìhà bí ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Èjìká mi ga, ọrùn mi há, omi ń sá lọ nísàlẹ̀ mi. Mo kàn rántí pé kí n máa mí, mo ń mí bí ajá tó sáré.

Ohun kan gbá bẹ́líìtì mi mú. Màmá Astrid ni. Ó fi ọwọ́ kejì gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì mi sókè fúnra rẹ̀, bí ẹni gbé apá ọmọ láti wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ sì tú jáde bùkù-bùkù. A dúró. Ó dì mí mú bẹ́ẹ̀ títí a fi rọra dókè.

Nínú ọkọ̀, ó fún mi ní kọfí, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.

"Pẹ̀lú Henrik, o ṣe é bí ẹja," ó ní. "Pẹ̀lú mi, o di bàlúùnù. Kí ló dé?"

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. "Ẹ má bínú, Mà. Ọwọ́ òsì ni."

"Ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá. Nílé wa, a kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà."

Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ nípa bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pé bí o bá fi òsì gbé nǹkan fún un, kò ní pariwo, á kàn máa wo ọwọ́ yẹn títí ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ á fi padà lọ sílé. Mo sọ nípa Ẹ̀gbọ́n Kúnlé náà: ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì jáde ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ní okùn ọ̀tún ni kí n máa fà, torí "mi ò lè jókòó sínú omi kí ọmọ Dádì máa na òsì sí mi lójú."

Henrik, tó jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa, gbé orí sókè. "Èmi ńkọ́? Gbogbo ọ̀sẹ̀ lo fi ń na òsì sí mi."

"Henrik, mo jù ẹ́ lọ."

Màmá Astrid kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n kọ ẹ̀yìn sí ẹ nígbà tá a bá ń gòkè?"

"Ta ló máa wá máa wò mí, Mà?"

"O rí i." Ó gba ife lọ́wọ́ mi. "Bí o bá ti sinmi, èmi àti ìwọ la máa tún wọ̀ ọ́. Mi ò ní fi Henrik rọ́pò, torí òkun ò ní bi ẹ́ pé ta ló dàgbà. Bí ọwọ́ yẹn ò bá dìde fúnra rẹ̀, mi ò lè jẹ́ kí o bá wọn lọ. Kì í ṣe ìjìyà. Mo fẹ́ kí o padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ ni."

Mo pe ilé

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo pe bàbá mi láti tọrọ àyè. Mo ti gbìyànjú láti dá ara mi lóhùn. Mo dúró níwájú dígí, mo ń gbé òsì sókè, ó ń lọ. Mo wá fojú inú wo Màmá Astrid nínú dígí náà, ó kọ̀.

"Dádì, ẹ káàsán, sà. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Wọ́n lé ẹ?"

"Rárá o, sà." Mo ṣàlàyé láti orí dé ìdí, àti fáàfù, àti kọ́ọ̀kì, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń hó. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa lẹ́yìn rẹ̀.

"Apá òsì ni fáàfù náà wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọn ò lè gbé e sí ọ̀tún?"

"Bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn, sà."

"Àwọn òyìnbó yìí náà! Ìyá tó ń kọ́ ẹ yìí, ó tó mí lọ́jọ́ orí?"

"Ó jù yín lọ, sà."

"Hẹ̀n." Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Màmá mi já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bísọ́lá! Bí ẹ bá ń yin Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ọ̀tún nìkan lo ń gbé sókè? Ṣé Ọlọ́run ò dàgbà tó ìyá yẹn ni? Gbé e sókè, jọ̀ọ́, kí omi má gbé mi lọ́mọ!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán," bàbá mi ní lẹ́yìn. Ó gba fóònù padà. Ó húkọ́ bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sọ ohun tí kò rò pé òun máa sọ láyé. "Ọwọ́ tí àgbà fúnra rẹ̀ bá ní kí o gbé, kì í ṣe àfojúdi mọ́. Ó ní kí o gbé e, àbí?"

"Ó ní kí n gbé e, sà."

"Gbé e. Èmi náà ní kí o gbé e. Gbé e dáadáa, má ṣe é bí ọ̀lẹ."

Òkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Omi tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. A sọ̀kalẹ̀. Mo fi afẹ́fẹ́ sínú aṣọ díẹ̀-díẹ̀, mo dúró sójú kan, koríko ń mì. Àyà mi ń lù débi pé mo rò pé ẹja ń gbọ́ ọ.

Màmá Astrid kọjú sí mi. Ó na àtàǹpàkò sókè.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ má bínú, Mà. Ọwọ́ òsì mi wúwo bí òjé. Lẹ́yìn náà ó gbéra, ìgbọ̀nwọ́ kọ́kọ́, ó ga, ó kọjá etí mi. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí apá mi, ó ń dún wéré-wéré. Mi ò sáré lọ sókè. Mo ń lọ díẹ̀-díẹ̀, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn nílé tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé Màmá Astrid náà gbé òsì tirẹ̀ sókè sí mi. Aṣọ kan náà la wọ̀. Òun náà ní láti tú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ jáde. A dúró nígbà tó ku ìwọ̀n mítà márùn-ún kí a dé ojú omi láti sinmi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwa méjèèjì, àgbà àti ọmọdé, a gbé òsì sókè sí ara wa, à ń mí. Bí ẹnikẹ́ni bá rí wa láti òkèèrè, yóò rò pé ìkíni ìlú kan nìyẹn.

Nígbà tí orí wa yọ, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ọ̀la, ẹja."

Mo fi ata gígún tí màmá mi dì sí báàgì mi se pánlá fún wọn. Àwọn tó ń sá a kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, ẹ gbọ́ mi bí? Wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí wa ni. Nígbà tí mo ní a máa ń jẹ orí rẹ̀ náà, Henrik dúró, ó wo orí ẹja inú abọ́ rẹ̀, ẹja náà ń wò ó. Ata mú Màmá Astrid títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún na abọ́ rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ òsì ló fi nà án. Mo fi méjèèjì gbà á.

Báńkóònì

Mo dé lọ́sàn-án. Oòrùn Festac gbá mi lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò. Kí n tó dé ẹnu géètì wa, mo ti kí ènìyàn tó pọ̀ ju èyí tí mo kí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Norway lọ, gbogbo wọn sì dá mi lóhùn, àwọn mìíràn tún bi mí léèrè imú mi.

Bàbá mi wà lórí báńkóònì, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó di irin mú. Ó ti rí mi láti òpin òpópónà. Mo mọ̀ pé ó ti rí mi nítorí kò mì rárá, bó ṣe máa ń ṣe tí inú rẹ̀ bá dùn jù.

Mo gbé ẹrù sílẹ̀ láti kúnlẹ̀. Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí irin, ó wò ó fìrí bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ibi tó ń lọ, ó sì nà án sókè, ìgbọ̀nwọ́ kọ́kọ́, ó kọjá etí.

"Màmá Bísọ́lá!" aládùúgbò wa kan pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ẹ wá wo Dádì o! Kí ló ń ṣe wọ́n lápá?"

Mo dìde dúró. Mo gbé tèmi náà sókè, mo sì rọra mí síta.